Ẹdan Lórí Àtẹ: Ohun tí Idẹ Kò Lè Sọ fún wa nípa Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjà kan náà ni a ti ń ta àwo tùràrí idẹ àtijọ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà àti ẹdan Ògbóni láti ilẹ̀ Yorùbá. Yálà ní Lọ́ńdọ̀nù ni o, ní Brussels tàbí ní New York, ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń kọ sábẹ́ àwòrán ohun tí ó fẹ́ tà: orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ tí ó ti wá, àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ti ẹdan, ìlà náà sáábà máa ń jẹ́ “Yorùbá, Nàìjíríà, ọ̀rúndún kọkàndínlógún”. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá fẹ́ kí ó níyì sí i, yóò fi “Ọ̀yọ́” kún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, “Ọ̀yọ́”, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Oníṣòwò ń lò ó bí ẹni ń lo orúkọ ìlú lásán, ṣùgbọ́n lójú òpìtàn, ẹjọ́ tí a kò tíì dá tán ni ó wà nínú rẹ̀. Èrò mi ni pé ọ̀nà tí a ń gbà ta ẹdan ti ń pa ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá ẹjọ́ náà run, àti pé bí idẹ fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ wà títí láé, kò lè sọ ohun tí ẹnu àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ ì bá ti sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwo tùràrí, nítorí pé òun ni ó fi ìṣòro náà hàn kedere jù. Ní abẹ́ ọ̀pọ̀ àwo tùràrí idẹ ilẹ̀ Ṣáínà, lẹ́tà mẹ́fà ni ó máa ń wà tí ó ń sọ pé ìgbà Xuande, lábẹ́ ìran ọba Ming, ni a ṣe é. Ọdún 1426 sí 1435 ni ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ti fi yé wa tipẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn àwo tí ó ní àmì yìí ni a ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn mìíràn ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fi àmì náà sí i ni ó fẹ́ tan ènìyàn jẹ. Àwọn mìíràn ń fi í bu ọlá fún ìgbà tí wọ́n kà sí ìgbà iṣẹ́ ọnà tí ó dára jù ni. Ṣùgbọ́n ó ti di iṣẹ́ ẹni tí ó ń rà báyìí láti mọ̀ pé àmì abẹ́ àwo kì í ṣe ìwé ìbí. Ilẹ̀ Ṣáínà ní àkọsílẹ̀ ààfin, wọ́n ní ìwé àwọn olówó tí ó ń kó ohun ọ̀ṣọ́ jọ, wọ́n sì ní àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ti ń jiyàn lórí àwọn àwo wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́. A lè fi gbogbo ìyẹn dán ọ̀rọ̀ oníṣòwò wò.

Ẹdan kò ní lẹ́tà kankan lábẹ́. Àwọn tí ó ṣe é kò fi orúkọ ọba sí i, wọn kò sì fi orúkọ ara wọn sí i. Akọ àti abo ni ẹdan, a fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n pọ̀ ní orí, irin sì sábà máa ń wà nínú wọn tí ó yọ jáde ní ìsàlẹ̀ kí a lè fi í gúnlẹ̀. Ọ̀nà ìda oyin ni a fi ń ṣe é: alágbẹ̀dẹ idẹ yóò fi amọ̀ bo irin náà, yóò fi ìda mọ àwòrán ènìyàn lé amọ̀ lórí, yóò tún fi amọ̀ bò ó, yóò yọ́ ìda náà dànù nínú iná, lẹ́yìn náà ni yóò da idẹ yíyọ́ sí ipò tí ìda ti kúrò. Nítorí pé a gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ òde kí a tó rí iṣẹ́, kò sí ẹdan méjì tí ó jọra délẹ̀délẹ̀. Irin àti idẹ, akọ àti abo, ilẹ̀ àti ènìyàn: Babatunde Lawal ti kọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ lórí ìtumọ̀ àwọn wọ̀nyí ní 1995, Denis Williams sì ti kọ tirẹ̀ ní 1964. N kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé ẹdan kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó jẹ́ àmì pé ẹni tí ó mú un wọ inú ilédì jẹ́ ọmọ Ilẹ̀. Òun ni wọ́n ń rán bí ońṣẹ́ láti pe ènìyàn wá síwájú àwọn àgbà. Bí ìjà bá sì dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kán sílẹ̀, a ó gbé ẹdan lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì bọ́ lọ́wọ́ ẹbí, a di ti Ògbóni, nítorí pé a ti ba Ilẹ̀ jẹ́. Ohun èlò ìdájọ́ ni.

Nítorí náà, bí a bá sọ pé ẹdan kan ti Ọ̀yọ́ wá, tí a sì sọ pé ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ṣe ìjọba ní Ọ̀yọ́ ni a ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn wà. Ní 1960, Peter Morton-Williams kọ àpilẹ̀kọ kan nípa Ògbóni ní Ọ̀yọ́ nínú jọ́nà tí a ń pè ní Africa. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé àwọn Ògbóni dúró láàrin Aláàfin àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, àti pé wíwà wọn níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí apá kan lè gun èkejì lórí. Àlàyé yìí dùn, ó sì gbilẹ̀ gan-an. Títí di òní, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ nípa ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ó ya àwòrán kan tí Aláàfin wà lókè rẹ̀, tí Ọ̀yọ́ Mèsì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí Ògbóni sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ní 1973, J. A. Atanda béèrè ìbéèrè kan nínú jọ́nà àwọn òpìtàn Nàìjíríà tí kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: ǹjẹ́ Ògbóni tilẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́-Ilé rárá? Èsì tirẹ̀ ni pé kò sí i. Lójú tirẹ̀, ohun tí Morton-Williams rí ní Ọ̀yọ́ ti òní jẹ́ ohun tí ó wọlé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú.

Kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí. Bí Morton-Williams bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ìlànà ìdíwọ́ agbára tí a máa ń fi Ọ̀yọ́ yangàn jẹ́ ohun tí ó ti wà láti ìgbà tí ìjọba náà wà lókè. Bí Atanda bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ní Ọ̀yọ́ tuntun, ní ìlú tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní nǹkan bí 1837, ni a ti fi ohun titun kún ìjọba, tí a sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti wà tẹ́lẹ̀. A mọ̀ pé Àtìbà sa gbogbo agbára rẹ̀ láti tún Ọ̀yọ́-Ilé kọ́ sí ibi titun náà, pẹ̀lú oyè àti àdúgbò. Ìlú tí ẹnìkan bá tún kọ́ báyìí máa ń ní àṣà méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra: èyí tí a gbé wá àti èyí tí a bá níbẹ̀. Láti ya wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ìwé Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ni gbogbo wa ń sá lọ bá, ṣùgbọ́n ìwé náà pàápàá ní ìtàn àdánù tirẹ̀: ó parí rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó tún un tò kí ó tó jáde ní 1921.

Kí ni ó lè dá ẹjọ́ yìí? Ẹdan kan ṣoṣo tí a bá wú jáde nínú ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé, tí a sì kọ ibi tí ó wà àti ohun tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ sílẹ̀, yóò ṣe ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé àlàyé lọ. Frank Willett ti ṣe ìwúlẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, àwọn mìíràn sì ti lọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà tóbi, apá díẹ̀ ni a sì ti kàn. Yàtọ̀ sí ìwúlẹ̀, ẹ̀rí kejì tí ó lè ṣe wá láǹfààní ni ẹdan tí ó wà ní agbolé, lọ́wọ́ ẹbí tí ó lè sọ ẹni tí ó gbé e wá, ìlú tí ó ti gbé e wá, àti ẹni tí ó jogún rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀rí kejì yìí ni ọjà ń jẹ run.

Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ díjú, ó sì jẹ́ kí ó níye lórí sí i. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ṣọ̀ún Ògúnlọlá àti bí gbígbé tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ṣe di orúkọ ìlú. Ohun tí a kì í rántí bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ dà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ogun láti Ìlọrin ń fọ́ àwọn ìlú pápá Ọ̀yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró. Nítorí pé ó dúró, ibẹ̀ ni àwọn ará Ìkòyí àti ti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn tí ogun tú sá lọ. Agbolé kọ̀ọ̀kan dé pẹ̀lú oríkì rẹ̀, pẹ̀lú òrìṣà rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹni tí ó ń sá lè gbé. Ẹni tí ó bá ti sá ogun mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù wúwo ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbé. Ohun kékeré tí agbára wà nínú rẹ̀ ni, ẹdan sì jẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀: a lè fi í kọ́ ọrùn kí a sì máa sá lọ.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìlà oníṣòwò. Bí a bá ra ẹdan kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1965, tí oníṣòwò sì kọ “Ògbómọ̀ṣọ́” sí i, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹdan náà lè jẹ́ ti ìlú kan tí kò sí mọ́ lórí ilẹ̀, tí igbó ti bo, tí ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù nípa ìṣàkóso rẹ̀ jẹ́ idẹ méjì yìí àti ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà agbolé náà mọ̀. Bí idẹ bá lọ sí Brussels tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò bá a lọ, ìlú náà ti kú lẹ́ẹ̀kejì. N kò rò pé mo ń sọ àsọdùn. Nínú gbogbo pápá tí ó wà láàrin Ògbómọ̀ṣọ́ àti odò Ọya, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni a kò mọ̀ bóyá Ògbóni ni ó ń dájọ́ níbẹ̀ tàbí àwọn ẹlòmíràn. Ìbéèrè Atanda kò parí sí ààfin Ọ̀yọ́-Ilé, ó kan gbogbo ìlú wọ̀nyí.

Ògbómọ̀ṣọ́ tún jẹ́ ìlú àwọn Onítẹ̀bọmi. T. J. Bowen dé ibẹ̀ ní 1855, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn sì ti pẹ́ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá yípadà lè kó ohun ìbọ bàbá rẹ̀ fún àlùfáà, tàbí kí ó sun ún, tàbí kí ó tà á. Ó rọrùn láti dá míṣọ́nnárì lẹ́bi lórí èyí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ka jọ́nà yìí yóò fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí kò dùn ún sọ: lẹ́tà tí míṣọ́nnárì kọ sílé pé ọjọ́ báyìí ni lágbájá, ará agbolé báyìí, kó ère rẹ̀ wá, wúlò fún òpìtàn lónìí ju ìwé ẹ̀rí olówó iyebíye tí oníṣòwò ń fún oníbàárà rẹ̀ lọ. Àwọn kan korò ojú sí ohun náà, síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ohun náà títí tí wọ́n fi gbàgbé ẹni tí ó ni ín.

Àwọn kan yóò sọ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò gbà wá. Ó lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n níbi tí agbára rẹ̀ mọ ni. Amọ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù sínú idẹ tí a dà ṣeé yẹ̀ wò láti mọ ìgbà tí iná kàn án kẹ́yìn. Irú ọ̀nà yìí ni a fi mọ̀ pé ère tí ó jókòó ní Tada, lẹ́bàá odò Ọya, ti pẹ́ tó ọ̀rúndún kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá. Idẹ náà ṣeé yẹ̀ wò láti mọ ibi tí a ti wà á nínú ilẹ̀. Ní 1923 tàbí 1953, kò sí ẹni tí ó lè ṣe èyí. Ní 2023, àwọn onímọ̀ tí T. B. Skowronek ṣáájú wọn yẹ mánílà 67 wò, wọ́n sì fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni a ti rí idẹ tí ó bá ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ idẹ Benin mu. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó sọ fún wa: ibi tí idẹ ti wá. Idẹ Jámánì nínú ẹdan kò sọ ẹdan di ti Jámánì. Ní Kumasi, ní 1896, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí ife ìpọnmi idẹ ńlá kan ní ààfin Asante tí ó ní àmì ọba Gẹ̀ẹ́sì Richard Kejì lára, iṣẹ́ ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Bí a bá wo idẹ nìkan, ohun Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí a bá wo ibi tí ó ti ń gbé àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀, ohun Asante ni. Ilé-ìwádìí lè sọ ọjọ́ orí ẹdan fún wa, kò lè sọ agbolé rẹ̀. Bí a kò bá sì mọ agbolé, ọjọ́ orí nìkan kò lè bá wa dá ẹjọ́ láàrin Morton-Williams àti Atanda.

Ìjọba kò ṣàìmọ̀ pé ohun wọ̀nyí ń jáde. Ohun tí ó jí wọn ni ọ̀ràn Ifẹ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí jáde. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀kan ti bọ́ sọ́wọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó, ó sì dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní 1939. William Bascom, tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Kenneth Murray àti E. H. Duckworth pariwo títí tí ìjọba fi gbọ́. Murray di alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943, òfin dé ní 1953, èyí tí a ń lò báyìí sì jẹ́ ti 1979. Òfin 1979 yìí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bí kò ṣe àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún un àti àwọn aṣojú tí ó bá fọwọ́ sí, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé e jáde láìgba ìwé àṣẹ.

Òfin dára, ṣùgbọ́n ìpalára kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sọ. Nítorí pé títà rẹ̀ lòdì sófin, ẹni tí ó tà á kì í fẹ́ kí a mọ òun, ẹni tí ó rà á kì í fẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti rà á. Orúkọ agbolé ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù, nítorí pé òun ni ó léwu jù. Lẹ́yìn tí ohun náà bá ti gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ohun tí yóò kù ni “Yorùbá, ọ̀rúndún kọkàndínlógún”. N kò sọ pé kí a fagi lé òfin. Mo ń sọ pé ẹni tí ó bá ń wá ìtàn Ọ̀yọ́ kò gbọ́dọ̀ rò pé òfin ń bá a tọ́jú ìtàn náà.

Èyí ni ó mú kí ọ̀ràn wa yàtọ̀ sí ti Benin. Ti Benin ní ọjọ́: 1897. Ó ní ọmọ ogun, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ní ìwé gbàǹjo. Nítorí náà ni ó fi ṣeé ṣe fún Jámánì láti bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà ní 2022, tí Smithsonian náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà. Àwọn ẹdan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní 1897 kankan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, ní alẹ́, láti ọwọ́ ọmọ olóògbé tí ó nílò owó ilé ìwé tàbí owó ìsìnkú, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì gbà á láyè láti fi ọwọ́ kan ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ta ni a ó sọ pé kí ó dá a padà, ta ni a ó sì dá a padà fún? Àwọn tí ó mọ orúkọ ọmọ náà kò ní sọ ọ́, kò sì yẹ kí a fipá mú wọn sọ ọ́.

Ohun tí a lè ṣe kéré sí ìdápadà, ṣùgbọ́n kò lè dúró dìgbà kan. Ó wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe ìwádìí ní agbègbè yìí jù lọ, nítorí pé wọ́n gbọ́ èdè, a sì ń gbà wọ́n wọlé. Bí ẹdan bá ṣì wà ní agbolé, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè fún. Àwọn àgbà lè kọ̀ kí a ya àwòrán, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni: ìlú wo ni ẹ ti wá kí ẹ tó dé ìhín? Ta ni ó kọ́kọ́ mú un wá, oríkì wo ni wọ́n sì ń kì í? Ṣé ilédì wà ní ìlú yẹn, àbí ìhín ni bàbá yín ti wọ inú rẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí gan-an ni ìbéèrè Atanda, a lè béèrè rẹ̀ ní agbolé kọ̀ọ̀kan láìfi ọwọ́ kan idẹ rárá. Bí wọ́n bá sọ pé ìhín ni, ẹ̀rí nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ pé ìlú àtijọ́ ni, ẹ̀rí nìyẹn pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ agbolé mìíràn tí ó ti ìlú kan náà wá, bóyá ní Ọ̀yọ́, bóyá ní Ìbàdàn, kí a tó gbà á. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn agbolé tí ogun kó jọ ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe láàrin ọdún kan sí méjì, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ó lè dáhùn bá ṣì wà láàyè.